Ọmọ mi tó ní ọ́tísìm ti di géńdé, ibo la fẹ́ gbà báyìí?

Ìyá_Ìbejì_Basírì

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará ilé. Èkìtì kete! Mi ò kì í sábà kọ nǹkan síbí, kíkà ni mo máa ń kà kọjá, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti ń gba oorun lójú mi, ẹ dákun ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ tó tẹ̀lé àwọn ìbejì mi, Ìdòwú, ó ti pé 18 báyìí. Ọ́tísìm ló ní, ìyẹn ni pé bí ọpọlọ ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Nígbà tó wà ní kékeré gbogbo ẹbí ló ń sọ pé agídí Ìdòwú ni, pé ṣebí Ìdòwú ni Èṣù lẹ́yìn ìbejì, kí n fi í sílẹ̀ á gbọ́n tó bá yá, ọjọ́ tí dókítà wá sọ ohun tó jẹ́ gan-an ó ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kò pọ̀, tí ẹ bá bi í ní nǹkan ó lè tún ìbéèrè yín sọ fún yín padà. Àmọ́ ọmọ náà mọ nǹkan o. Láti Adó lọ sí Ìkẹ́rẹ́ dé Àkúrẹ́, láti Adó lọ sí Ìfàkì, Ọ̀yẹ́ dé Ìkọ̀lé, ó máa to orúkọ ìlú ojú ọ̀nà fún yín ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, kò ní fo ọ̀kan. Ó ń fọ aṣọ ara ẹ̀, ó ń fọ abọ́, iyán tó bá gún ẹ ò lè bá kókó kan níbẹ̀. Ariwo odó tiẹ̀ kì í dà á láàmú, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló máa ń mú un fọwọ́ méjèèjì dí etí.

Wàhálà mi ni pé ilé ìwé tó ń lọ (mi ò ní dárúkọ wọn) ní àwọn ò lè gbà á mọ́, pé ó ti dàgbà jù fún kíláàsì tó wà, bẹ́ẹ̀ wọn ò ní kíláàsì mìíràn tí wọ́n lè fi í sí. Látìgbà náà ilé ló wà. Bàbá ẹ̀ ní ká mú un lọ sí mẹkáníìkì fílẹ́ẹ̀jì kó lọ kọ́ṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ ní ká gbé e lọ bá ìyá wọn n'Ìjerò kó máa bá wọn ṣa kòkó. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní orí òkè ló yẹ kó wà. Gbogbo ẹ̀ ti dà rú mọ́ mi lójú.

Ohun tó wá já mi láyà jù rèé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá èmi àti ẹ̀ jọ lọ sí Ọjà Ọba, mò ń ná ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, kí n tó bojú wẹ̀yìn Ìdòwú ti bẹ̀rẹ̀ síwájú àtẹ obìnrin kan tó ń ta tòmátò, ó ń bá a tò ó, ńlá sọ́dọ̀ ńlá, pupa sọ́dọ̀ pupa, èyí tó ti rà ó kó o sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tó wà lọ́mọdé tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ àwọn ìyá ọjà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fún un ní ọsàn. Ní báyìí ó ti ga ju bàbá ẹ̀ lọ, irùngbọ̀n ti yọ, obìnrin yẹn ò mọ̀ ọ́n rí, ló bá figbe ta, ẹnì kan sì ti ń pariwo "olè" kí n tó débẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí "olè" lè dà nínú ọjà. Ọlọ́run ló yọ wá.

Ẹ bá mi wò ó, ṣé iṣẹ́ wà tí irú ẹ̀ lè kọ́? Ṣé kí n máa sọ fún èèyàn ni àbí kí n máa bò ó? Mi ò sì fẹ́ fi ẹnu mi sọ ọ́ ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́, tí èmi àti bàbá ẹ̀ ò bá sí mọ́ ńkọ́? Àwọn ìbejì ti ní tiwọn lọ́wọ́, èyí obìnrin ti ń múra à ti relé ọkọ.

Ẹlẹ́yin_Ìkẹ́rẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ o, ẹ kú uṣẹ́. Ẹ má bínú sí mi mà, nígbà tí mo ka ibi tó ti ń to tòmátò yẹn ẹ̀rín ló pa mí, torí mo ní irú ẹ̀ níbi iṣẹ́ mi.

Adìyẹ ni mò ń sìn. Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ mi, òun náà ní ọ́tísìm, ẹyin ló ń ṣà. Ẹyin tó bá wọlé láàárọ̀ òun ló máa yà á sọ́tọ̀, ńlá lọ́tọ̀, àárín lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀, èyí tó sán lọ́tọ̀, 30 nínú kíréètì kọ̀ọ̀kan. Mo ti gba àwọn tí wọ́n ní nǹkan kan ò ṣe sẹ́nu iṣẹ́ yìí rí, wọ́n á máa tẹ fóònù, ẹyin tó ti sán á bá kọ́sítọ́mà délé, ó di ìjà. Lọ́wọ́ ọmọ yìí kì í ṣẹlẹ̀. Á gbé ẹyin sún mọ́ gílóòbù, á yí i po, á fi èékánná kàn án pẹ́kẹ́, á gbé e sétí, kó tó gbé e sílẹ̀. Ẹ ò lè kán an lójú o, tí ẹ bá kán an lójú á tún bẹ̀rẹ̀ kíréètì yẹn látìbẹ̀rẹ̀.

Kò kàn bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kì í tètè yé e, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ló ní ká ya fọ́tò. A ya fọ́tò gbogbo ohun tó máa ń ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ bàtà rọ́bà, fọwọ́, gbé kíréètì, ṣà á, kọ iye ẹ̀ síwèé, fọwọ́, lọ jẹun, a wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Òun fúnra ẹ̀ á máa fọwọ́ tọ́ka sí i bó ṣe ń ṣe é lọ. Nígbà tó yá kò wò ó mọ́, ṣùgbọ́n mi ò yọ ọ́, torí ọjọ́ tí ara ẹ̀ ò bá balẹ̀ á padà sídìí ẹ̀. Wákàtí kan péré ló fi bẹ̀rẹ̀ lóòjọ́, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ á jókòó síta, tó ṣe díẹ̀ ẹ̀gbọ́n ń lọ sọ́jà á padà wá, tó tún ṣe díẹ̀ kò wá mọ́. Ohun tí kò bá a lára mu ni kí nǹkan yí lójijì. Tí dókítà adìyẹ bá ń bọ̀ wá fún wọn lábẹ́rẹ́, àlejò á pọ̀, adìyẹ á máa ké, torí ẹ̀ mo máa ń sọ fún un láti ọjọ́ kejì, mo ń kọ ọ́ sórí pátákó, tó bá wù ú ó lè má wá lọ́jọ́ náà.

Owó ẹ̀, bí mo ṣe ń san fún àwọn yòókù ni mò ń san fún un. Ẹ fọwọ́ mú ibí yìí mà, torí ọ̀pọ̀ ló máa gba irú ọmọ báyìí bíi pé wọ́n ń ṣe yín lóore, wọ́n á lò ó bí ẹrú, ìrẹsì ọ̀sán ni wọ́n á fi san án. Ẹ má gbà. Ti mẹkáníìkì tí ọkọ yín wí, mi ò ní kò dáa, kí ẹ kàn lọ dúró níbẹ̀ fúngbà díẹ̀ kí ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Ẹ́ńjìnì, òòlù, igbe, ọ̀gá tó ń ju sípánà lu ọmọ iṣẹ́. Ẹni tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dà láàmú, kí ló fẹ́ ṣe níbẹ̀?

Àpọ́sítélì_Kékeré

Gbogbo èyí dáa o, ṣùgbọ́n ohun tí dókítà ò lè ṣe Ọlọ́run lè ṣe é. Mo mọ orí òkè kan tí wọ́n ti máa ń gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á wà níbẹ̀ pẹ̀lú ààwẹ̀ àti àdúrà títí á fi bọ́ lára wọn, wọn kì í gbowó. Màmá, tí ẹ bá fẹ́ kí n fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí yín ní inbọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Àpọ́sítélì, ẹ rọra fi àdírẹ́sì yẹn sápò. Èmi náà ń gbàdúrà, ọmọ kọ́yà ni mí, ṣùgbọ́n ọ́tísìm kì í ṣe ẹ̀mí tí wọ́n ń lé jáde. Bí ọpọlọ ọmọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí i, bẹ́ẹ̀ ló máa dàgbà, bẹ́ẹ̀ ló máa darúgbó. Púpọ̀ nínú ibi tí ẹ ń pè ní òkè yẹn, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà níbẹ̀. Lọ́dún 2019 Human Rights Watch, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, gbé ìròyìn jáde lórí bí wọ́n ṣe ń fi ṣéènì de àwọn èèyàn mọ́lẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, ibùdó ìjọba wà níbẹ̀, ti oníṣègùn wà níbẹ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀. Ààwẹ̀ fún ọmọ tí kò lè là á mọ́lẹ̀ pé ebi ń pa òun, ẹ rò ó wò ná.

Ìyá Ìbejì, àwọn nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni ò ní jókòó sọ fún yín. Wárápá. Àwọn tó ní ọ́tísìm máa ń ní i ju àwọn yòókù lọ, ó sì lè jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá ń bàlágà ló máa kọ́kọ́ yọjú, tí ẹ bá rí i tó ṣubú tí ara ẹ̀ ń gbọ̀n, tàbí tó ń ṣàdédé dákẹ́ lọ tí ojú ẹ̀ kàn ń wo ibì kan, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má fi agbo ṣòfò àkókò. Tí ìwà ẹ̀ bá sì yí padà lójijì, tó ń forí gbá ògiri tàbí tí kò jẹun, kí ẹ tó ní ó ń ṣe agídí ẹ yẹ ẹnu ẹ̀ wò, ẹ yẹ etí ẹ̀ wò, ẹ bèèrè nípa ìgbẹ́. Mo ti rí i tí ẹbí kan ń fún ọmọ wọn ní oògùn oorun, eyín ló ń ro ó.

Ẹ̀ka àwọn ọmọdé ò ní máa gbà á lọ títí. Kí dókítà tó mọ̀ ọ́n láti kékeré kọ lẹ́tà tó lálàyé kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, kí ẹ mú lẹ́tà yẹn lọ sí ẹ̀ka ìlera ọpọlọ, ní ọsibítù yunifásítì, EKSUTH l'Adó tàbí Federal Teaching Hospital n'Ìdó. Kì í ṣe pé orí ẹ̀ dàrú o, ọ̀dọ̀ wọn ni ìtọ́jú àgbàlagbà tó ní ọ́tísìm máa ń bọ́ sí.

Àti ọ̀rọ̀ ara, ẹ má tijú. Géńdé ni, ara ẹ̀ á máa ṣe bí ara géńdé. Kí bàbá ẹ̀ tàbí ìbejì tó jẹ́ ọkùnrin bá a sọ ọ́ ní kedere, ohun tí wọ́n ń ṣe nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀, ohun tí wọn kì í ṣe níta, ẹni tó lè fọwọ́ kan ara ẹ̀ àti ẹni tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, pé kó má máa gbá obìnrin mọ́ra bó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó. Àwa Yorùbá fẹ́ràn àdàpè, àmọ́ irú àwọn ọmọ yìí, bí ẹ bá ṣe sọ ọ́ ni wọ́n máa gbà á. Ẹ pe ẹ̀yà ara lórúkọ tó ń jẹ́.

Àpọ́sítélì_Kékeré

Mo gbọ́ mà. Ti ṣéènì yẹn burú. Àdúrà ò ní tán ṣá.

Ọmọ_Ìkọ̀lé

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ dáhùn, torí èmi ni ẹ̀gbọ́n. Àbúrò mi ti lé ní 30, ọ̀dọ̀ mi ló wà látìgbà tí màmá wa ti papòdà. Ohun tí màmá fi sílẹ̀ tó ràn mí lọ́wọ́ jù kì í ṣe ilé, léjà kan ni. Ohun tó ń jẹ àti ohun tí kì í jẹ wà níbẹ̀, oògùn ẹ̀ wà níbẹ̀, ohun tó ń já a láyà (fèrè tírélà, ajá, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án láti ẹ̀yìn), orin tí wọ́n máa ń kọ sí i tí inú bá ń bí i, ẹsẹ̀ wo ló máa ń kọ́kọ́ kì bọ ṣòkòtò pàápàá wà níbẹ̀. Ẹ kọ tiyín, ẹ máa tún un kọ bó ṣe ń dàgbà.

Ẹ pe ìpàdé ẹbí nígbà tí ẹ ṣì wà láyé, kí àwọn ìbejì fẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n lè ṣe àti ohun tí wọn ò lè ṣe, ẹ má kàn dì í rù wọ́n. Èyí tó fẹ́ relé ọkọ, kí ọkọ ẹ̀ ti mọ Ìdòwú, kí wọ́n ti jọ jẹun lórí tábìlì kan, kó tó di ọjọ́ ìdána. Mo mọ ibi tí wọ́n ti fi ọmọ pamọ́ sí yàrá títí wọ́n fi ṣe ìyàwó tán. Ẹ má jẹ́ n sọ bó ṣe parí.

Ìwé ìjọba, tí kò bá tíì ní NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ yẹn, ẹ lọ sí ọ́fíìsì NIMC tó ń ṣe é láàárọ̀ kùtù kí èrò tó pọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ti kọ́kọ́ mú un débẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ò fẹ́ ṣe nǹkan kan, kó rí ibẹ̀, kó rí fáànù ibẹ̀ tó ń pariwo. Ẹ jẹ́ kó máa fi ìka tẹ ojú fóònù nílé ní mẹ́rin mẹ́rin kó lè mọ bí wọ́n ṣe ń gba ìtẹ̀ka. Lẹ́yìn ẹ̀ ẹ ṣí àkáǹtì fún un, lórúkọ tiẹ̀. Òfin wà ní Nàìjíríà tó ka yíya abirùn sọ́tọ̀ léèwọ̀, wọ́n fọwọ́ sí i lóṣù kìíní ọdún 2019, ẹni tó bá ṣe é lè san ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, iléeṣẹ́ á san ₦1,000,000, ó tún ní kí 5% òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba jẹ́ abirùn. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní inú ìwé lásán lòfin wà, lọ́pọ̀ ìgbà bẹ́ẹ̀ náà ni. Àmọ́ ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ báǹkì kan sọ fún mi pé àwọn kì í ṣí àkáǹtì fún "irú eléyìí", mo fà á yọ lórí fóònù mo kà á sétí mánéjà, kíá ni wọ́n fún wa ní àga.

Ẹ tún mú Ìdòwú lọ kí àwọn ọlọ́pàá àti Àmọ̀tẹ́kùn àdúgbò yín. Kí wọ́n ti mọ ojú ẹ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni pe olè.

kò_fẹ́_ariwo

Mo ní ọ́tísìm. Ìwọ́rọ̀kó ni mo wà, mò ń tẹ próójẹ́ẹ̀tì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì EKSU, kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun. Tí ọ̀rọ̀ mi bá le ẹ má bínú, ìjà kọ́, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Bàbá ti sọ tiẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá ti sọ tiẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ti sọ tiwọn. Kí ni Ìdòwú sọ? Mo ka gbogbo ẹ̀ látòkè mi ò rí i. Ẹ bi í. Kì í ṣe pé "iṣẹ́ wo lo fẹ́ ṣe láyé ẹ" o, ìyẹn máa ń mú kí orí èèyàn dúró sójú kan. Ẹ ya fọ́tò àwọn ibi yẹn, ẹ tẹ́ ẹ síwájú ẹ̀, ẹ jẹ́ kó mú. Tó bá mú un ẹ mú un débẹ̀, ẹ wo ara ẹ̀, ara ẹ̀ á sọ ọ́ kí ẹnu tó sọ ọ́. Kí ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ yéé sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ lójú ẹ̀ bíi pé kò sí nílé. A máa ń gbọ́. Gbogbo ẹ̀ la máa ń gbọ́.

Ti pé kí ẹ sọ fún èèyàn, ẹnì kan ò ní pẹ́ dábàá pé kí ẹ gbé káàdì kọ́ ọ lọ́rùn. Mi ò fara mọ́ ọn. Wọ́n ṣe é fún mi rí, ẹni tí kò kí mi rí gan-an wá ń ka àyà mi. Inú àpò ni kó wà, pẹ̀lú nọ́ńbà yín. Ẹni tó ń bá a pàdé ló yẹ kó mọ̀, kì í ṣe gbogbo Adó. Ẹ máa mú un lọ sí ọjà kan náà, lọ́jọ́ kan náà, sọ́dọ̀ àwọn oníbàárà yín kan náà, kó máa fọwọ́ ara ẹ̀ kó owó fún wọn. Ẹ ní ó máa ń tún ọ̀rọ̀ sọ, àbí? Ìyẹn wúlò. Ẹ kọ́ ọ pé kó tó fọwọ́ kan ọjà ẹnikẹ́ni kó sọ pé "ẹ kú ọjà mà, ṣé kí n bá yín tò ó?", kó wá dúró kó gbọ́ èsì. Ẹ bá a ṣe é nílé pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, lójoojúmọ́, títí á fi mọ́ ọn lẹ́nu. Mi ò tíì rí ìyá ọjà tí wọ́n kí pé ẹ kú ọjà tó pe olè.

Ẹ ra hẹ́dífóònù fún un. Ẹ má sọ fún un pé kó mú ọkàn le, ariwo yẹn ń ro èèyàn lára lóòótọ́.

Ọmọ_Ìlawẹ̀_lókè_òkun

England ni mo wà, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tó ní ọ́tísìm ni mò ń ṣe. Ẹ má rò pé ọ̀run nibí o. Lóòótọ́ wọ́n ní òfin ọ́tísìm láti 2009, ìwé kan sì wà, EHCP, tí wọ́n ń kọ ìrànlọ́wọ́ tó yẹ ọmọ sí, tó lè tẹ̀lé ọmọ títí dé ọdún 25 tó bá ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Àmọ́ tí ìwé yẹn bá ti parí, mo ti rí òbí òyìnbó tó jókòó síwájú mi tó ń bèèrè ohun tí Ìyá Ìbejì ń bèèrè yìí gẹ́lẹ́.

Ẹnì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, Donald Triplett, ará Amẹ́ríkà. Nígbà tí dókítà Leo Kanner kọ ìwé àkọ́kọ́ lórí ọ́tísìm lọ́dún 1943, òun ló fi ṣe nọ́ńbà wáànù. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí dókítà ní kí wọ́n fi sí ilé ìtọ́jú kan, kí wọ́n gbàgbé ẹ̀, àwọn òbí ẹ̀ lọ gbé e padà wálé. Ìlú kékeré kan ní Mississippi, Forest, ló gbé títí ayé ẹ̀. Ó lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ṣiṣẹ́ ní báǹkì ìlú yẹn, ọmọ ọdún 27 ló tó kọ́ mọ́tò wíwà, ó ń gbá gọ́ọ̀fù, ó ń dá rìnrìn àjò kiri ayé. Ọdún 2023 ló kú, ó pé ọmọ ọdún 89. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ o, owó wà nílé, ẹbí ìyá ẹ̀ wà nínú àwọn tó dá báǹkì yẹn sílẹ̀, gbogbo wa kọ́ la ní báǹkì. Àmọ́ ará ìlú mọ̀ ọ́n, wọ́n sì máa ń kìlọ̀ fún àlejò tó bá ń wá a kiri pé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan Don. Ìyẹn ò ná wọn ní kọ́bọ̀. L'Èkìtì níbi tí a ti mọ ọmọ ta ni ta ni láti ojúlé dé ojúlé, mi ò rí ìdí tí kò fi ní ṣe é ṣe.

Ìyá_Ìbejì_Basírì

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bá yín tọ́ ti yín náà. Mo ka gbogbo ẹ̀ sétí bàbá ẹ̀ lálẹ́, kò fèsì. Nígbà tó di àárọ̀ òun fúnra ẹ̀ ló ní fọ́tò yẹn ńkọ́. Ni a bá tẹ́ mẹ́rin síwájú Ìdòwú, mẹkáníìkì, oko Ìjerò, ẹyin tí Ẹlẹ́yin fi ránṣẹ́ sí mi, èkẹrin ni gáréèjì torí mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn mọ́tò. Ti oko ó dà á dé. Ti mẹkáníìkì ó tì í sọ́dọ̀ bàbá ẹ̀. Ó mú gáréèjì, ó ní "Àkúrẹ́ Àkúrẹ́, ó ku ẹnì kan!", bàbá ẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Ó wá mú fọ́tò ẹyin ó gbé e sábẹ́ ti gáréèjì, ó jókòó tì í. Èyí ni ò yé mi.

kò_fẹ́_ariwo

Ó fẹ́ wọ mọ́tò lọ síbi ẹyin. Ìkẹ́rẹ́ wà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́.

Ìyá_Ìbejì_Basírì

Háà!

Ẹlẹ́yin_Ìkẹ́rẹ́

Ẹ mú un wá ní Thursday mà, kí aago mẹ́jọ tó lù, kọ́sítọ́mà kì í pọ̀ nígbà yẹn. Ẹ wọ mọ́tò ní gáréèjì bó ṣe wí, ẹ má gba kẹ̀kẹ́. Mo máa ya fọ́tò gééètì àti ọmọkùnrin mi yẹn ránṣẹ́ lónìí kó ti máa wò ó. Wákàtí kan péré, tó bá ní òun ń lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kó lọ, ẹ tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nọ́ńbà mélòó ló ń wọ̀ ní bàtà, kí n wá rọ́bà sílẹ̀?

Ìyá_Ìbejì_Basírì

44 ni sà. Àmọ́ kò ní wọ rọ́bà láìsí ìbọ̀sẹ̀, màá kó méjì dání.